₦85,000 láti fọ ilé? Mo san án o, ẹ wá gbọ́ bó ṣe lọ

Ẹ jẹ́ n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀ torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. ₦85,000 ni mo san fún ìyá kan àti ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ méjì láti fọ flat tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní Àpáta, n'Ìbàdàn níbí. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀ kan, báfúrúùmù méjì, kíṣínì, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n fi terrazzo ṣe ilẹ̀ ẹ̀ láyé ọjọ́un, ọ̀rọ̀ terrazzo yẹn ṣì ń bọ̀. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́ iye ẹ̀, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ tún ilé náà kọ́ ni. Ó ní ilẹ̀ gbígbá, ilé fífọ̀, ohun tí ìyá òun ń ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́, tó tún pọn ọmọ sẹ́yìn ṣe é, òun la wá fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ lé lórí. Mi ò bá a jiyàn, torí ká sọ tòótọ́, ohun tí èmi náà ń rò nínú nìyẹn kí ojú mi tó rí ohun tó rí.

Ẹni tó gbé ibẹ̀ kó tó kàn wá lò tó ọdún márùn-ún, ó sì jọ pé kò rò ó rí pé ẹlòmíì máa gbé ibẹ̀ lẹ́yìn òun. Ògiri ẹ̀yìn gáàsì, ọ̀rá ti dì mọ́ ọn débi pé tẹ́ ẹ bá fi èékánná ha á, ńṣe ló ń ká bí awọ orí ògì tó ti tutù. Eruku ọyẹ́ bíi ọdún mẹ́ta ló jókòó sórí fáànù òkè. Jànkáriwọ̀ ní gbogbo igun, ìgbẹ́ ọmọńlé lẹ́yìn gbogbo kọ́tìnì. Báfúrúùmù ló burú jù. Omi bòhóòlù àdúgbò wa máa ń yọ pupa, ọmọ Ìbàdàn á mọ nǹkan tí mò ń sọ, ẹ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kó sun mọ́jú, ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì á ti pọ́n. Ó wá jẹ́ pé ọdún márùn-ún ni irú omi yẹn fi ṣàn lórí táìlì funfun àti nínú àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rò pé ẹnì kan da ọbẹ̀ sí i ni. Láńlọ́ọ̀dù tún wá kun ilé ká tó kó wọlé, ó ní òun ti bá wa tún un ṣe, akunlé tó gbé wá ò sì tẹ́ nǹkankan sílẹ̀, ẹ̀kán ọ̀dà ló wà lórí gbogbo táìlì pálọ̀ bí ẹni fọ́n àgbàdo fún adìẹ.

Mo ní èmi náà lọ́wọ́, mo lẹ́sẹ̀. Mo ra Hypo, mo ra Harpic, mo ra Omo àti búrọ́ọ̀ṣì onírin, mo so ìró mọ́ àyà, mo wọ báfúrúùmù. Hypo ni mo kọ́kọ́ dà sórí pupa yẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, pupa yẹn ò lọ, ó tún ṣú sí i ni! Mo bá ní bóyá kò tíì pọ̀ tó ni, mo bá gbé Harpic, mo dà á lé e lórí níbẹ̀. Kí n tó ka oókan dé mẹ́wàá nǹkan kan ti ta mí nímú wọnú ọ̀fun, ojú mi ń ṣomi, ikọ́ gbé mi, mi ò rí ilẹ̀kùn mọ́, ọmọ mi ọlọ́dún méjì sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń pe "Mọ́mì, Mọ́mì". Bí mo ṣe gbé e sá jáde ni mi ò mọ̀. Ìgbà tí ara mi balẹ̀ ni mo tó lọ kà nípa ẹ̀: ásíìdì ló wà nínú Harpic tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn, Hypo ní tiẹ̀ jẹ́ omi bílíìṣì, bí àwọn méjèèjì bá pàdé, gáàsì chlorine ni wọ́n ń bí. Gáàsì yẹn náà ni àwọn ológun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní Belgium, lọ́dún 1915. Èmi dẹ̀ ń sè é nínú báfúrúùmù mi nítorí pé mo fẹ́ fọ táìlì. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ wà lára ike o, ta ló ń ka ara ike?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ájẹ́ńtì júwe ọmọkùnrin kan fún mi, ₦25,000 lòun máa gbà, òun nìkan, ọjọ́ kan péré. Inú mi dùn. Ó dé tòun ti àkísà kan, kànìnkànìn kan, àti ike omi tí wọn ò kọ nǹkankan sára ẹ̀. Mo ní kí ni yẹn, ó ní "ásíìdì ni mà, òun ni baba gbogbo ẹ̀." Ó dà á sórí táìlì, ó hó ṣùà bí ìgbà tí wọ́n da ọtí bíà sí kọ́ọ̀bù. Mi ò ní purọ́, pupa yẹn lọ. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, apá kan báfúrúùmù ti funfun báláú, mo ti ń yìn ín. Àṣé sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi dí àárín táìlì ló ń hó yẹn, ó ti jẹ ẹ́ wọnú. Ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń dán tẹ́lẹ̀ ti dúdú. Kí n tó mọ̀, arákùnrin ti bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti da tiẹ̀ sórí terrazzo.

Ẹni tí ò bá mọ̀, terrazzo kì í ṣe táìlì. Wẹ́wẹ́ òkúta mábù ni wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n wá fi máṣìn lọ̀ títí tó fi ń dán. Mábù àti ásíìdì ò sì lè gbé ilé kan náà, ńṣe ni ásíìdì ń jẹ ẹ́. Ibi tó dà á sí, tó fẹ̀ tó ẹní kan, ó funfun bí eérú, ó ń ha ẹsẹ̀, dídán ẹ̀ ti lọ. Mo pariwo. Ó ní "Ẹ má bínú mà, ó máa padà bọ̀ sípò tó bá ti gbẹ." Ó gbẹ. Kò padà. Mo sì ti san ààbọ̀ owó sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, láńlọ́ọ̀dù sì ti ń sọ̀rọ̀ caution fee. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, èmi ni mo gbé itọ́ wá, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà.

Bí mo ṣe débi ìyá yìí nìyẹn. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀. Mo fi fọ́tò ilé ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo ní èló ni, ó fi ohùn dá mi lóhùn: "Ìyàwó wa, ẹ má bínú o, mi ò kí ń fi fọ́tò dá owó lé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n wá wò ó." Mo rò pé ó fẹ́ ṣe ṣakará ni. Ó dé ní Tọ́sìdeé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, obìnrin tó ti tó ọgọ́ta ọdún lójú mi, tòun ti báàgì kékeré kan. Ó yọ àkísà funfun, ó fi nu ògiri kíṣínì lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sábẹ́ síǹkì. Ó ro omi díẹ̀ sórí terrazzo, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń wò ó. Níbi tí kò bàjẹ́, omi náà dúró gbágbá bí ìlẹ̀kẹ̀. Níbi tí ásíìdì dé, ilẹ̀ mu ún. Ó mi orí.

Ìbéèrè ló wá kù. Omi yín, ibo ló ti ń wá? Táǹkì yín tóbi tó báwo? Ìgbà wo ni iná máa ń wà? Ṣé ọmọ kékeré wà nílé? Ṣé ẹnikẹ́ni ní ikọ́ fée? Ó wá wò mí lójú, ó ní "Kí lẹ ti dà síbẹ̀ ṣáájú?" Mo ròyìn gbogbo ẹ̀ bí ẹni wà níwájú pásítọ̀. Kò bú mi. Ó ní Hypo kì í bọ́ pupa omi, torí irin ló wà nínú omi yẹn tó ń dógùn-ún, Hypo sì ń ràn án lọ́wọ́ kó dógùn-ún sí i ni, kó wá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ó ní "Ẹ ń fún un lóúnjẹ ni." Ó yé mi nígbà yẹn pé owó tí mo fẹ́ san yìí, ìdajì ẹ̀ ni fún apá wọn, ìdajì yòókù fún ohun tí ìyá yìí mọ̀.

Mo ná an o, ọmọ Yorùbá ni mí. Mo ní ₦50,000. Ó ní kò burú, òun lè fọ ilé wa ní 50, àmọ́ àwọn ò ní wọ kíṣínì, àwọn ò sì ní kan ọ̀dà orí táìlì. Kò bínú, kò bẹ̀ mí, ó ń pa báàgì ẹ̀ dé. Mo gbà sí 85.

Ọjọ́ Sátidé, aago méje ló dá, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́jọ lù kí wọ́n tó yọjú. (Mo kọ ìyẹn sílẹ̀.) Òun, ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, gbogbo wọn wọ bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Èmi ti pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin dè wọ́n, mo rò pé mo ṣe dáadáa. Ìyá wò ó, ó ní "Ẹ ṣeun, ìyàwó wa, àmọ́ ẹ gbé omi yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Eruku tó bá rí omi, ẹrẹ̀ ló ń dà." Wákàtí méjì gbáko, ẹ̀kán omi kan ò kan ilẹ̀ ilé yẹn. Òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Fáànù, wọn ò fi ìgbálẹ̀ gbọn ọ́n bí a ṣe máa ń ṣe tí gbogbo eruku á fi bọ́ séèyàn lórí, àpò ìrọ̀rí ògbólógbòó ni wọ́n ki apá fáànù bọ̀, ọmọkùnrin yẹn di í mú lókè nísàlẹ̀, ó fà á jáde, gbogbo eruku wà nínú àpò. Ó da àpò yẹn sínú nylon kí n rí i. Ó tó eérú ààrò kan. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí jànkáriwọ̀, orí kọ́bọ́ọ̀dù, nẹ́ẹ̀tì wíńdò tí wọ́n yọ síta tí wọ́n ń lù bí aṣọ òkè, kí wọ́n tó gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi máa ń gbálẹ̀ ná, kí n tó wá gbọn òkè, kí n tún wá gbálẹ̀. Ọdún wo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, Ọlọ́run ló mọ̀.

Àkísà. Mi ò mọ̀ pé àkísà ní òfin. Àwọ̀ mẹ́rin ni tiwọn: pupa fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìkan, yẹ́lò fún ibi ìwẹ̀ àti síǹkì ìfọwọ́, gírínì fún kíṣínì, búlúù fún yàrá àti pálọ̀. Mo rí pupa kan lórí ọwọ́ àga, mo gbé e, mo fẹ́ fi bá wọn nu tábìlì, ọmọbìnrin yẹn fò bí ẹni rí ejò: "Ẹ̀ẹ̀ẹ̀, mà! Ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìyẹn o!" Mo sọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá ronú àkísà kan ṣoṣo tó wà nílé wa tẹ́lẹ̀, tó ń ti ẹ̀gbẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí fìríìjì, ara mi bù máṣọ. Bí wọ́n ṣe ń ká a náà tún ní ọ̀nà, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n tún ká a sí méjì, ojú mẹ́jọ ló máa ní, tí ojú kan bá dọ̀tí wọ́n á yí i sí òmíràn, tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá tán ni wọ́n tó fọ̀ ọ́. Kò sí pé kéèyàn máa fi ìdọ̀tí nu ìdọ̀tí.

Kíṣínì ló wú mi lórí jù. Mo rò pé wọ́n máa dojú kọ ògiri yẹn pẹ̀lú agbára. Rárá. Ìyá po kẹ́míkà ọ̀rá mọ́ omi gbígbóná, ó fi kànìnkànìn pa á sára ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè (ó ní tó bá jẹ́ òkè lèèyàn ti bẹ̀rẹ̀, omi tó ń ṣàn wá sílẹ̀ á fi ìlà sílẹ̀ tí kì í lọ bọ̀rọ̀), ó wá fi nylon bò ó bí ẹni di mọ́ínmọ́ín, ó jáde, ó lọ ń ṣe yàrá. Mo ní mà, ẹ ò ní fọ̀ ọ́ ni? Ó ní "Ẹ jẹ́ kí kẹ́míkà ṣiṣẹ́ tiẹ̀, apá méjì péré ni mo ní." Nígbà tó padà dé, ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ṣí nylon, ó fi ọ̀bẹ pútì oníke tì í díẹ̀, ọ̀rá ọdún márùn-ún yẹn ń ká bọ̀ bí ẹ̀pà tí wọ́n ń bó. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá ìyá òun ò ra kẹ́míkà o, eérú ni wọ́n fi ń bọ́ ọ̀rá lára ìkòkò, wọ́n á wá fi ewé ìpín ha á. Òótọ́ sì ni, omi eérú yẹn náà ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, nǹkan kan náà tó ń bá ọ̀rá jà ló wà nínú ẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ti wà nílé tipẹ́, àwa ló lọ ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha táìlì bí ẹni ń ha ìpẹ́ ẹja.

Fún báfúrúùmù, lemon salt tí wọ́n ń tà ní ọjà ni wọ́n lò, òun náà ásíìdì ni àmọ́ kò le tó èyí tó jẹ terrazzo mi. Wọ́n kọ́kọ́ fi omi lásán rẹ gbogbo àárín táìlì kí sìmẹ́ǹtì lè mu omi yó, kó má baà ráàyè mu ásíìdì. Wọ́n wá rẹ tíṣù sínú omi lemon salt, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pupa yẹn bí báńdéèjì, wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n ṣàn án, ó ṣẹ́ kù, wọ́n tún lẹ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní ibi kan. Inú àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin yẹn fi búrọ́ọ̀ṣì ti omi inú ẹ̀ jáde ná kó tó da kẹ́míkà sí i, ó ní tí omi bá pọ̀ níbẹ̀ kẹ́míkà á kàn là sínú ẹ̀ ni. Ọdún mélòó ni mo ti ń da owó mi sínú omi báyìí.

Hypo ṣì dé, àmọ́ ìparí ni. Ìgbà tí gbogbo nǹkan ti mọ́, tí wọ́n ti fi omi ṣan kẹ́míkà yòókù kúrò pátápátá, tí wọ́n ṣí wíńdò sílẹ̀, ni wọ́n tó fi omi tútù là á, wọ́n fi nu tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti síǹkì, wọ́n fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá ní kòkòrò ni Hypo ń pa, tẹ́ ẹ bá dà á sórí ìdọ̀tí, ìdọ̀tí yẹn ló máa bá jà títí agbára ẹ̀ á fi tán, kòkòrò á sì jókòó sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọ̀dà orí táìlì, ọmọkùnrin yẹn ló kúnlẹ̀ tì í. Bíléèdì ni, àmọ́ omi ọṣẹ ló ń ro sí ibẹ̀ ná, ó wá fi bíléèdì lélẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò gbé e dúró, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Pálọ̀ nìkan gba wákàtí méjì lórí eékún. Mo gbé omi tútù lọ fún un, mo rí ọwọ́ ẹ̀ nígbà tó bọ́ ìbọ̀wọ́ láti mu ún, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti hunjọ bí èso tó gbẹ. Ó ní òun ti ṣe iṣẹ́ yìí ọdún mẹ́rin, eékún ló ń dun òun jù, pàápàá lásìkò òjò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni!

Terrazzo ńkọ́? Ìyá fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lásán, ó mọ́, àmọ́ ibi tó funfun yẹn ṣì funfun. Kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá ló ti sọ fún mi pé kò sí ohun tí òun lè dà síbẹ̀ tó máa dá a padà, pé ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn, ojú òkúta ló ti lọ, àwọn tó ń fi máṣìn lọ terrazzo ni kí n wá. Ó lè tàn mí, ó lè fi wax pa á kó dán fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì gbé máàkì ńlá fún un lórí ìyẹn.

Ó yá, àléébù. Pípẹ́ tí wọ́n pẹ́, mo ti sọ, kò sì pè mí láti sọ pé àwọn ń bọ̀ o, èmi ni mo ń pè. Wọ́n lo omi táǹkì wa tán pátápátá, ká ní kò sí iná láti fa omíì ni, ọ̀rọ̀ ì bá di iṣu atayán-anyàn-án. Wọ́n fọ́ gíláàsì lúfà kan ní yàrá ẹ̀yìn, ìyá fúnra ẹ̀ ló wá sọ fún mi kí n tó rí i, ó sì yọ ₦2,000 kúrò nínú owó. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán ni mo rí i pé ojú irin tí wíńdò pálọ̀ ń gbà sáré, wọn ò kàn án, eruku àti òkú eèrà ló kún ibẹ̀. Kò sì ní rìsíìtì, ohun tí a jọ sọ lẹ́nu náà ni àdéhùn, èyí dára pẹ̀lú èèyàn bíi tiẹ̀ àmọ́ ẹni tó ń sanwó ilé iṣẹ́ máa fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí n fún wọn ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ká ní wọ́n tètè dé ni, ó lè kọjá bẹ́ẹ̀.

Ṣé ₦85,000 tọ́ sí i? Mo bi ìyá léèrè bó ṣe ń pín in, kò fi pa mọ́. Kẹ́míkà àti àwọn nǹkan tó ń tán ná bíi ₦18,000. Àwọn ọmọ méjèèjì, ₦15,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Micra tó gbé wọn wá tó gbé wọn padà, ₦6,000. Tó bá yọ ìyẹn, ₦31,000 ló kù fún òun, nínú ẹ̀ ló ti máa yọ ọjọ́ Tọ́sìdeé tó wá wo ilé lọ́fẹ̀ẹ́ àti gíláàsì mi. Wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n lò, èèyàn mẹ́ta. Ẹ má sì wò ó pé ₦15,000 lójúmọ́ pọ̀ tẹ́ ẹ bá fi wé ₦70,000 lóṣù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024 pé òun lowó oṣù tó kéré jù, iṣẹ́ yìí kì í wà lójoojúmọ́, ó ní ọ̀sẹ̀ mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mìíràn òfo. Tó bá sì rẹ ara wọn, kò sí ẹni tó ń san owó oògùn.

Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ yẹn, aládùúgbò kan yọjú látorí fẹ́ǹsì, ó ní "Ẹ ti rí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ gbà, ẹ kú oríire." Ìyá gbọ́ ọ, kò dáhùn. Ọmọ ọ̀dọ̀ kẹ̀! Ká ní ẹni tó ń tún ẹ̀rọ fìríìjì ṣe ló wà níbẹ̀, ẹ̀ńjíníà ni wọ́n máa pè é.

Ó rán mi létí àbúrò màmá mi tó lọ London, Peckham ló ń gbé. HND ló gbé lọ láti Poly Ìbàdàn. Iṣẹ́ kílíní ló kọ́kọ́ rí, aago mẹ́ta òru ló ń jí, ó ń wọ bọ́ọ̀sì òru lọ fọ ófíìsì àwọn báńkì kí àwọn òyìnbó tó dé. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tí wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn, Yorùbá ni, ó ní tẹ́ ẹ bá pariwo "ẹ káàárọ̀ o", èèyàn tó pọ̀ ló máa dáhùn. Ọdún mẹ́fà ló fi ń sọ fún wa nílé pé "ófíìsì ni mo ń ṣiṣẹ́". Kò sì purọ́ náà. Mo pè é ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo ń ròyìn àkísà aláwọ̀ mẹ́rin fún un bí ẹni rí nǹkan tuntun, ó jẹ́ kí n sọ tán, ó ní "Pupa fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì, àbí?" Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n kọ́ òun nìyẹn kí wọ́n tó jẹ́ kí òun gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi àti ẹ̀ máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn tọkàntọkàn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ẹni tó máa bá yín fọ ilé, ohun tí èmi máa fi dán an wò báyìí nìyí: ẹ bi í pé kí ló máa dà sórí terrazzo tàbí mábù. Tó bá ní ásíìdì, ẹ kí i, kó máa lọ. Tó bá dá owó lé e láìtíì rí ilé, ẹ fura. Tí ike tó gbé wá ò bá ní orúkọ lára, ẹ má jẹ́ kó ṣí i. Ẹ sì pọn omi sílẹ̀, ẹ bomi kún táǹkì, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìyá àgbà lọ́jọ́ yẹn.

Ti ojú irin wíńdò tí wọ́n gbàgbé, mo ya fọ́tò ẹ̀ ní Sọ́ńdè, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá, mi ò kọ nǹkankan sí i. Ó dáhùn: "Háà, ẹ foríjì wá." Túsìdeé, aago méje kù díẹ̀ láàárọ̀, wọ́n kan gíétì, ọkọ mi ló lọ ṣí i. Ọmọbìnrin yẹn ló dá wá, ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù méjì, ike omi ọṣẹ kan àti àkísà búlúù. Ó kúnlẹ̀ tì í bí ogójì ìṣẹ́jú, kò gba owó. Ọkọ mi dúró tì í tipẹ́, ó wá bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe pupa ló mú wá.

Ó ní "Ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìyẹn, sà."